Igbá Òfìfo àti Iṣẹ́ Tí Kọ̀ǹpútà Ń Jẹ́

Ní nǹkan bí ọdún 1796, Afọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò tí ó fi Ìlọrin ṣe ibùjókòó, lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ tí inú ń bí, wọ́n sì fi igbá kan ránṣẹ́ sí Aláàfin Aólẹ̀. Igbá náà ní ìdérí, ṣùgbọ́n òfìfo ni. Kò sí idà nínú rẹ̀, kò sí májèlé, kò sí ejò. Bí ọmọdé bá ṣí i, yóò rò pé ńṣe ni àwọn tí wọ́n fi í ránṣẹ́ gbàgbé ohun tí wọ́n fẹ́ fi sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ọba kà nínú òfìfo náà ni pé àwọn ìjòyè òun kò fẹ́ òun mọ́, àti pé orí òun ni wọ́n ń béèrè. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, Aólẹ̀ ta ọfà mẹ́ta sí ọ̀nà mẹ́ta, ó fi àwọn ènìyàn rẹ̀ gégùn-ún, ó sì gbé májèlé jẹ. Igbá òfìfo ni ó wọ ààfin. Inú ààfin fúnra rẹ̀ ni ikú ti jáde.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà jẹ nínú àbáyọrí iṣẹ́ tí a fi igbá yẹn rán. Ọ̀yọ́ Ilé kò ní ìsinmi mọ́, Ìlọrin bọ́ sí abẹ́ Émíà, nígbà tí ó sì ṣe, Ìlọrin àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í du àwọn ìlú Ìgbómìnà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìtàn ogun wọ̀nyí ti wà nínú ìwé púpọ̀, kò sì sí ìdí láti tún un rò níhìn-ín. Ohun tí ó yẹ ní àyẹ̀wò ni irú iṣẹ́ tí igbá náà jẹ́: iṣẹ́ tí kò gbé ohun ìjà kankan dání, tí ó kàn dárúkọ ohun kan, tí ẹni tí ó gbà á sì ń lọ mú ohun náà jáde láti inú ilé ara rẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí kò tán pẹ̀lú ayé àtijọ́. Láti ọdún 1997 ni ó ti ráàyè wọ inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àwọn báńkì, ilé-iṣẹ́ àti ìjọba káàkiri àgbáyé, a kò sì rí i dáadáa títí di ọdún 2015.

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò fi àrokò ṣeré. Owó ẹyọ méjì tí a so tí wọ́n dojú kọ ara wọn ń sọ ti ìrẹ́pọ̀; bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ọ̀rọ̀ ti di ìjà. Ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí, nítorí pé ẹ́fà ń rán ni létí fífà; ẹyọ mẹ́jọ túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Kí a kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Owó ẹyọ kò ru ìfẹ́ wá láti ọ̀nà jíjìn. Orúkọ ni ó rù. Ẹni tí ó gbà á ni yóò wá ohun tí orúkọ náà dúró fún láti inú èdè tí ó wà lọ́kàn òun tìkára rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Dàhòmì kó ìlú Ìṣàgà ní 1862, onígbàgbọ́ kan tí wọ́n mú lọ fi òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan àti àkísà ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Ara rẹ̀ le bí òkúta, ọ̀nà iwájú rẹ̀ dúdú bí èédú, ọkàn rẹ̀ ń ta bí ata, ara rẹ̀ ti gbẹ bí àgbàdo orí iná, aṣọ rẹ̀ sì ti di àkísà. Míṣọ́nnárì C. A. Gollmer ni ó ṣe àlàyé àrokò yìí fún àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1885. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè àrokò yóò kàn rí ìdì ìdọ̀tí ni.

Ètò náà ní ààbò tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí Aláàfin. Àwọn tí òfin ìlú fún ní àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ọba sì mọ̀ wọ́n. Bí Aláàfin fúnra rẹ̀ bá fẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀, ìlàrí ni ó ń rán, ẹni tí a fá apá kan orí rẹ̀ kí ojú má baà ṣì í mọ̀, tí orúkọ oyè rẹ̀, bíi Má-dàríkàn, ti ń sọ ìdajì iṣẹ́ kí ó tó lanu. Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Òwe yìí dára fún ìránṣẹ́. Ẹni tí a fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ fún nílò òwe mìíràn.

Níbi tí ààbò náà ti yẹ̀, àwọn ìlú Ìgbómìnà mọ ohun tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbómìnà, orúkọ Ìbàdàn nìkan tó láti ṣí ilẹ̀kùn. Ìwà ìrẹ́nijẹ àwọn ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ni ó bí ìṣọ̀tẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1878, tí ó di ogun Èkìtì Parapọ̀, tí àwọn Ìgbómìnà sì wà nínú rẹ̀ títí tí àgọ́ ogun fi tú ká ní 1893. Ẹni tí ó wọlé ní orúkọ aláṣẹ kò nílò láti ru oúnjẹ wá. Iṣu onílé àti ewúrẹ́ onílé ni yóò dárúkọ, onílé ni yóò sì lọ mú un wá.

Láti ibí ni a ti lè kọjá sí ayé kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n gógó ní Nàìjíríà nítorí pípààrọ̀ owó náírà, ọ̀pọ̀ òǹtajà ní àwọn ọjà Kwara, ti Ìsánlú-Ìsin, ìlú Olúsin, kò yọ sílẹ̀, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó láti orí fóònù ní tipátipá. Ẹni tí ó ra gààrí fi owó ránṣẹ́. Ẹni tí ó tà á ń wo fóònù rẹ̀ bóyá ìsọfúnni yóò dé. Láàárín fóònù méjèèjì, ìsọfúnni náà ti gba ọwọ́ ẹ̀rọ púpọ̀ kọjá: báńkì kan fi lé ilé-iṣẹ́ NIBSS lọ́wọ́, èyí tí àwọn báńkì dá sílẹ̀ ní 1993, tí ètò ìfowóránṣẹ́ kíákíá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2011, òun náà sì fi lé báńkì kejì lọ́wọ́. Nínú ilé-iṣẹ́ ńlá gbogbo lágbàáyé, báńkì tàbí ọkọ̀ òfurufú tàbí ilé ìtajà, àwọn ètò kọ̀ǹpútà kò lè dúró máa wo ojú ara wọn. Bí ọ̀kan bá ń sinmi, iṣẹ́ èkejì kò gbọdọ̀ sọnù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ètò kan sílẹ̀ tí a lè pè ní alágbàtà ìsọfúnni: ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó rán an, ó ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ń fi í fún ẹni tí ó ni ín nígbà tí onítọ̀hún bá dé.

Èdè tí a fi kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú alágbàtà bẹ́ẹ̀ ni Java. Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní 1995, James Gosling sì ni aṣáájú àwọn tí wọ́n ṣe é. (Orúkọ kọfí ni wọ́n fi sọ ọ́, èyí tí kò ṣàlàyé ohunkóhun.) Nínú èdè yìí, ohun gbogbo ni ó ní kíláàsì. Kíláàsì dà bí bébà tí télọ̀ gé ṣe àwòṣe kí ó tó fi ọwọ́ kan aṣọ: ó sọ bí ohun náà yóò ti rí àti ohun tí yóò lè ṣe. Bí ètò kan bá nílò ohun kan, ó ń dárúkọ kíláàsì rẹ̀, Java yóò lọ wá àwòṣe náà nínú àká tí ètò náà kó wọn pa mọ́ sí, yóò sì fi í dá ohun náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àká yìí kì í kéré. Ẹni tí ó ń kọ ètò kì í kọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń kó láíbìrì jọ, èyíinì ni iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀, láíbìrì kọ̀ọ̀kan sì ń fa òmíràn tẹ̀lé. Ètò tí olówó rẹ̀ rò pé ó ní ọgọ́rùn-ún kíláàsì lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú àká, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sì sí ẹni tí ó rántí pé wọ́n wà níbẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1997, ẹ̀dà Java 1.1 mú ọgbọ́n tuntun kan wá. Ètò kan lè mú ohun tí ó wà nínú ọpọlọ rẹ̀, kí ó dì í bí ẹrù, kí ó fi ránṣẹ́ sí ètò mìíràn, kí èyí tú ẹrù náà, kí ohun náà sì tún dìde gẹ́gẹ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ní 1998, Sun fi ìlànà JMS lélẹ̀ fún rírán ìsọfúnni láàárín àwọn ètò Java, ìlànà náà sì gbà pé ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ tí ètò lè rán ni ohun tí a dì lọ́nà yìí. Gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn. Ó rọrùn, ó yá, kò sì béèrè pé kí ẹni tí ń kọ ètò ronú nípa bí ẹrù náà ti rí nínú ìdì.

Àléébù tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro láti yé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fara balẹ̀. Inú ẹrù tí a dì kò ní kíláàsì fúnra rẹ̀. Orúkọ kíláàsì ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn nǹkan díẹ̀ tí a ó kó sínú rẹ̀. Ẹni tí ó gba ẹrù ni yóò lọ mú àwòṣe tí orúkọ yẹn ń jẹ́ nínú àká tirẹ̀. Ká ní ètò ilé ìtajà kan ń retí ìwé ìbéèrè ọjà. Ẹni tí ó kọ ètò náà kọ ọ́ pé: gba ohun tí ó wà nínú ìsọfúnni yìí, kí o sì kà á sí ìwé ìbéèrè ọjà. Lójú rẹ̀, ó ti ṣọ́ra, nítorí pé bí ohun tí ó dé kì í bá ṣe ìwé ìbéèrè ọjà, Java yóò kọ̀ ọ́. Òótọ́ ni pé yóò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó kọ̀ ọ́, ó ti tú u. Kíláàsì mìíràn tí ẹrù dárúkọ ti dìde, ó sì ti ṣe ohunkóhun tí a kọ ọ́ láti máa ṣe nígbà tí a bá ń tú u. Ìbéèrè dé lẹ́yìn iṣẹ́. Ó dà bí ìgbà tí a gba àlejò wọlé, tí ó ti jẹun, tí ó ti sùn, kí a tó béèrè bóyá òun ni ẹni tí a ń retí. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń kọ́ Java ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlà kan ṣoṣo yìí láìsọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. A sì lè sọ láìfòyà pé níbẹ̀ ni ìdí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n fi ojú gbogbo ayé mú un ni Chris Frohoff àti Gabriel Lawrence, níbi àpéjọ kan tí ó wáyé ní ìpínlẹ̀ California ní oṣù kìíní ọdún 2015. Wọ́n fi hàn pé láíbìrì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Commons Collections, tí ó wà nínú àká àìmọye ètò, ní àwọn kíláàsì tí a lè so kọ́ ara wọn bí ẹ̀wọ̀n. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó burú lójú ara rẹ̀. Ọ̀kan ń tò nǹkan, ọ̀kan ń yí nǹkan padà, ọ̀kan ń pe iṣẹ́ tí a bá dárúkọ. Ṣùgbọ́n bí ẹrù kan bá dárúkọ wọn tẹ̀ léra bí ó ti yẹ, nígbà tí a bá tú u, ẹ̀wọ̀n náà yóò fà títí yóò fi dé ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń gba àṣẹ, yóò sì ṣe ohun tí ẹni tí ó ránṣẹ́ fẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Stephen Breen fi ẹ̀wọ̀n yìí kọ lu àwọn ètò ńláńlá bíi WebLogic, WebSphere, JBoss àti Jenkins lójú gbogbo ènìyàn. Bí ikú ilé kò bá pa ni, ti òde kò lè pa ni: àwọn tí wọ́n pa òwe yìí kò rí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó sọ ọ́ tán tó bẹ́ẹ̀.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ta ni ó jẹ̀bi. Àwọn tí wọ́n ń tọ́jú Commons Collections sọ pé kì í ṣe láíbìrì àwọn ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí ń tú ẹrù tí kò mọ ibi tí ó ti wá ni kí a bá wí. Síbẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀dà 3.2.2 jáde nínú oṣù yẹn kan náà, tí kò jẹ́ kí a tú àwọn kíláàsì eléwu náà mọ́ àfi bí olówó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà, ìṣe wọn sì tọ̀nà ju ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ọ̀bẹ inú ilé ìdáná kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ni ó yẹ kí a gbé e sí. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹni tí ó ń kó ọ̀bẹ kúrò kò ní ìsinmi, nítorí pé láíbìrì mìíràn ní ọ̀bẹ tirẹ̀, àwọn olùwádìí sì ń rí ẹ̀wọ̀n tuntun lọ́dọọdún.

Ètò ìsọfúnni ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù, nítorí pé iṣẹ́ wọn gan-an ni láti máa gba ẹrù. Apache ActiveMQ, ọ̀kan nínú àwọn alágbàtà tí a ń lò jù, ni ó kọ́kọ́ gba nọ́ńbà CVE-2015-5254, irú nọ́ńbà tí a ń fún àléébù kọ̀ọ̀kan kí gbogbo ayé lè dá a mọ̀. Ìwòsàn tí wọ́n ṣe nínú ẹ̀dà 5.13.0 ni pé kí olówó ètò kọ orúkọ àwọn ìdílé kíláàsì tí ó fọkàn tán sílẹ̀. Èyí tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀, a kò ní tú u. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, Matthias Kaiser láti ilé-iṣẹ́ Code White ní Jámánì dìde níbi àpéjọ Black Hat ní Las Vegas, ó sì fi hàn pé ọ̀ràn náà kì í ṣe ti ActiveMQ nìkan. Ó ti yẹ láíbìrì JMS àwọn ilé-iṣẹ́ púpọ̀ wò, lára wọn ti IBM, Oracle, Amazon, RabbitMQ àti Qpid, ó sì rí i pé bákan náà ni wọ́n ń tú ohun tí a bá dì fún wọn.

Ohun tí ọ̀rọ̀ Kaiser tẹnu mọ́ ni ẹni tí ń gba iṣẹ́, kì í ṣe alágbàtà nìkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé alágbàtà nìkan ni ó wà nínú ewu, nítorí pé òun ni ó dúró sí ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n alágbàtà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù. Ńṣe ni ó ń gbé e kọjá. Láíbìrì tí ó wà lọ́dọ̀ ẹni tí a jẹ́ iṣẹ́ fún, nínú yàrá inú lọ́hùn-ún níbi tí ìwé owó àti orúkọ àwọn oníbàárà wà, ni ó ń tú u. Alárìnà rù ú láìmọ̀. Onílé ni ó ṣí i.

Àwọn tí wọ́n ń tọ́jú Java gbìyànjú láti dí ihò náà láti ìsàlẹ̀. Wọ́n fi asẹ́ kan sí ẹ̀dà 9 tí ó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, tí wọ́n tilẹ̀ ti mú wọ inú ẹ̀dà 8 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, kí a lè yẹ orúkọ kíláàsì wò kí a tó dá a sílẹ̀. Asẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n a ní láti gbé e sí ibi tí ó yẹ, ìyẹn sì béèrè pé kí olówó ilé mọ iye ilẹ̀kùn tí ilé rẹ̀ ní. Láíbìrì JMS ti RabbitMQ fi èyí hàn. Wọ́n ti ṣọ́ ilẹ̀kùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀, èyí tí ohun tí a dì ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n irú ìsọfúnni mìíràn wà tí ń jẹ́ StreamMessage, tí ó yẹ kí ó máa gbé nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ lásán, òun náà sì ń tú ohun dídì láti ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀dà 1.15.2 àti 2.2.0 jáde ni wọ́n tó tì í. CVE-2020-36282 ni nọ́ńbà rẹ̀. Kí ó tó pẹ́, ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ariwo Log4j gba ayé kan. Ìyẹn jẹ́ ìbátan rẹ̀ tí ó burú jù ú lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán tí a kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ètò lè mú kí Java lọ gba kíláàsì láti ìta gbangba pátápátá.

Èyí tí ó yẹ kí a dúró lé lórí jù ni ti oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ó ti pé ọdún méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ActiveMQ ti ní àkọsílẹ̀ àwọn tí ó fọkàn tán. Àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti sun oorun lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ActiveMQ ní èdè inú ilé kan tí ń jẹ́ OpenWire, tí alágbàtà àti àwọn tí ń bá a dòwò fi ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà 61616. Nínú èdè yẹn, bí iṣẹ́ kan bá kùnà, ẹnì kan ní láti sọ fún ẹnì kejì pé àṣìṣe ṣẹlẹ̀. Ìsọfúnni àṣìṣe náà kéré: orúkọ kíláàsì àṣìṣe àti gbólóhùn kan tí ó ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tí ó gbà á yóò wá kíláàsì tí ó ń jẹ́ orúkọ yẹn, yóò sì fi gbólóhùn náà lé e lọ́wọ́ láti dá a sílẹ̀. Kò sí ẹrù dídì níbẹ̀ rárá. Àkọsílẹ̀ àwọn tí a fọkàn tán kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí pé ilẹ̀kùn mìíràn ni ó ń ṣọ́. Kò sì sí ẹni tí ó béèrè bóyá kíláàsì tí ìsọfúnni náà dárúkọ jẹ́ kíláàsì àṣìṣe ní tòótọ́.

Ó tó fún ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú àká. Láíbìrì Spring wà nínú àká ActiveMQ, inú Spring sì ni kíláàsì kan wà tí ń jẹ́ ClassPathXmlApplicationContext (àwọn olùṣètò kọ̀ǹpútà fẹ́ràn orúkọ gígùn). Gbólóhùn kan ni òun náà ń gbà nígbà tí a bá ń dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ka gbólóhùn náà sí àlàyé; àdírẹ́sì ìwé ìlànà ni ó kà á sí. Yóò lọ sí àdírẹ́sì yẹn, yóò mú ìwé ìlànà wá, yóò sì ṣe ohun tí ìwé náà bá wí, bí ìwé náà tilẹ̀ wí pé kí ó bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn lórí kọ̀ǹpútà. Báyìí ni jàǹdùkú ṣe ń ránṣẹ́ pé: àṣìṣe ṣẹlẹ̀; orúkọ àṣìṣe náà ni ClassPathXmlApplicationContext; àlàyé rẹ̀ sì ni àdírẹ́sì ilé mi. ActiveMQ gbà á gbọ́. Orúkọ méjì péré ni ìkọlù náà, kò gbé ohun ìjà kankan dání. Igbá òfìfo ni.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, Apache kéde àléébù náà, CVE-2023-46604, ó sì fún un ní máàkì 10 nínú 10. Ọjọ́ yẹn kan náà ni àwọn olùwádìí Rapid7 bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìkọlù: àwọn ọ̀daràn ń gbìyànjú láti fi ètò HelloKitty ti ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ pa, kí wọ́n lè gba owó ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kí oṣù náà tó parí, àwọn tí ń ka ẹ̀rọ tí ó hàn sí gbangba rí i pé alágbàtà ActiveMQ tí ó lé ní 3,000 ni kò tíì gba àtúnṣe. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ ààbò kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sínú ìwé àwọn àléébù tí a ti mọ̀ pé àwọn ọ̀daràn ń lò. Apache sọ ní gbangba pé alágbàtà àti àwọn tí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí a jọ tún ṣe, nítorí pé bí jàǹdùkú bá gba ipò alágbàtà, ó lè fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó le jù láti mú ṣẹ. Alágbàtà máa ń jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì nínú ilé-iṣẹ́, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Àwọn tí ń gba iṣẹ́ lè pọ̀ tó igba: ètò tí ń tẹ ìwé ẹ̀rí owó, ètò tí ń fi ìkìlọ̀ sórí fóònù, ètò tí akẹ́kọ̀ọ́jáde kan kọ nígbà tí ó ń sin orílẹ̀-èdè rẹ̀ tí ó sì ti kúrò níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni láíbìrì náà wà. Kò sí ẹni tí ó ń kíyè sí wọn níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó sì mọ bí a ti ń tún wọn ṣe lè máà sí nílé mọ́. Òǹtajà tí ó dúró sí ìdí igbá rẹ̀ tí ó ń wo fóònù kò lè yan láíbìrì fún báńkì rẹ̀, kò sì lè béèrè irú èyí tí ó ń lò. Ọwọ́ àwọn tí ń kọ́ ètò kíkọ ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà àti ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn ni ìpín tirẹ̀ wà, nítorí pé ọmọ tí wọ́n bá kọ́ láti máa tú ẹrù kí ó tó béèrè ni yóò lọ jókòó sí ìdí ẹ̀rọ báńkì náà.

Àtúnṣe tí ActiveMQ ṣe nínú ẹ̀dà 5.15.16, 5.16.7, 5.17.6 àti 5.18.3 kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ fi lè kọ ọ́ sójú pátákó kan ṣoṣo. Nígbà tí ìsọfúnni àṣìṣe bá dé, ètò ń wo kíláàsì tí ó dárúkọ, ó sì ń béèrè bóyá ọmọ ìdílé Throwable ni, ìdílé tí gbogbo àṣìṣe Java ti ṣẹ̀ wá. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń kọ̀ ọ́ níbẹ̀, kò sì dá ohunkóhun sílẹ̀.